Owó opó tàbí ṣékélì? Bí a ṣe ń yan kọ́ìnì Júù àtijọ́ láìra ayédèrú

Ní ọdún tí mo lọ sí Jerúsálẹ́mù, ọkùnrin kan dá mi dúró ní ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, ó tú ìdì aṣọ kékeré kan, ó ní ọ̀kan nínú ọgbọ̀n owó fàdákà tí Júdásì gbà ló wà níbẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ o. Ṣùgbọ́n owó náà wúwo lọ́wọ́, ife kan wà lójú rẹ̀ tí èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ka igi wà lẹ́yìn, lẹ́tà Hébérù sì yí i ká. A dúnàádúrà, mo sanwó. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé lẹ́tà ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn ní Tel Aviv lónìí. Ṣékélì tó ní ife lójú gan-an, ọdún 66 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n kọ́kọ́ lu irú rẹ̀, Júdásì ti di ẹni ilẹ̀ tipẹ́ nígbà náà. Lẹ́tà tó sì wà lára ojúlówó, Hébérù àtijọ́ ni, tí ẹni tó ń ka Hébérù òde òní kò lè kà bí kò bá kọ́ ọ.

Ìyẹn ló sọ mí di ẹni tó ń kó kọ́ìnì Júù jọ. Látìgbà náà, àwọn ará ilé ìjọsìn àti àwọn tó ń múra ìrìn àjò JP máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà. Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn, torí ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: èwo ni ẹ lè fi ojú ara yín yẹ̀ wò? Ẹwà kọ́ ni mo fi ń yàn, ìtàn Bíbélì kọ́ sì ni. Kọ́ìnì kan wà tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí ara rẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìwé tó bá a rìn ni ẹ ń rà, kì í ṣe fàdákà.

Owó opó àti owó Pílátù

Méjì yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Idẹ kékeré ni méjèèjì, prutah ni orúkọ irú owó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní owó opó ni idẹ wẹ́wẹ́ ti ọba Alexander Jannaeus, ẹni tó jọba ní Jùdíà láti ọdún 103 sí 76 ṣáájú ìbí Kristi. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi wà ní ojú kan, ìràwọ̀ tó dà bí àgbá kẹ̀kẹ́ wà ní ojú kejì. Àwọn tó kéré jù nínú wọn kì í wọn tó gíráàmù kan, ẹ lè fi èékánná àtàǹpàkò bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wá láti inú Máàkù orí 12, níbi tí tálákà opó ti sọ owó idẹ wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra. Jannaeus ti kú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ṣì ń ná an lọ́jà ní ayé Jésù; àwọn awalẹ̀pìtàn ń bá a pàdé láàárín ohun èlò ọ̀rúndún kìíní. Ó lè jẹ́ irú rẹ̀ ni opó yẹn mú lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ó dájú, ọjà ló ń tà.

Owó Pílátù ní tirẹ̀ kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Pọ́ńtíù Pílátù jẹ́ gómìnà Jùdíà láti ọdún 26 sí 36, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré ni kọ́ìnì rẹ̀ ní lára: ọdún 16, 17 àti 18 ìjọba Tìbéríù, Késárì Róòmù, èyí tó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 29 sí 32. Lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ti ọdún 16 ní ṣíbí ńlá tí àwọn ará Róòmù fi ń ta ọtí sílẹ̀ fún òrìṣà wọn, ọkà báálì mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Júlíà, ìyá Késárì. Ti ọdún 17 àti 18 ní ọ̀pá tó lọ́ lórí, irú èyí tí àwọn awo Róòmù fi ń wo àmì ojú ọ̀run, ọdún rẹ̀ sì wà nínú adé ewé ní ojú kejì. Kò sí gómìnà Jùdíà mìíràn tó fi ọ̀pá tàbí ṣíbí yẹn sórí owó. Orúkọ Pílátù kò sí lára rẹ̀ níbì kankan, orúkọ Tìbéríù ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè jiyàn pé kì í ṣe ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n lù ú.

Ní ti owó, Jannaeus tó jẹ bàìbàì kì í tó ọgọ́rùn-ún dọ́là, nígbà mìíràn kò tó ìdajì rẹ̀. Pílátù tí ọdún rẹ̀ hàn lè jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ìyẹn. Ní ti ayédèrú, oníjìbìtì kì í sábà fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí Jannaeus lásán, nítorí ojúlówó rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, kò sì wọ́n. Jìbìtì ti Jannaeus gba ibòmíràn: wọ́n á mú idẹ kan tó ti jẹ tán tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ẹni tó ni ín, wọ́n á pè é ní owó opó. Bí ẹ kò bá rí apá kan ìdákọ̀ró tàbí ìtànṣán ìràwọ̀ pẹ̀lú ojú yín, ẹ fi í sílẹ̀. Pílátù ní ayédèrú gidi, torí orúkọ rẹ̀ ń pawó.

Bí ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa rà láyé yín, tí ẹ sì fẹ́ kó kan ìtàn Jésù láìsí "bóyá", ẹ lọ ra Pílátù, kí ẹ rí i pé lẹ́tà ọdún rẹ̀ ṣeé kà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́ ojú yín ni, ẹ ra Jannaeus mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní iye Pílátù kan. Ọ̀nà kejì yìí ni mo gbà, mi ò sì kábàámọ̀.

Ẹ má gbàgbé Àgírípà kìíní, Hẹ́rọ́dù inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12, ẹni tó fi idà pa Jákọ́bù. Kọ́ìnì rẹ̀ ti ọdún kẹfà, ní nǹkan bí ọdún 41 sí 42, kò wọ́n rárá, ó sì pọ̀. Agboòrùn oníwajawaja ló wà lójú rẹ̀, ọkà báálì mẹ́ta wà lẹ́yìn. Àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé lórí rẹ̀ máa ń ṣàlàyé gùn-ún kí òǹkàwé wọn tó mọ ìdí tí agboòrùn fi jẹ́ àmì ọba. Ọmọ Yorùbá tó ti rí Aláké tàbí Ọ̀ọ̀ni jáde lọ́jọ́ ọdún kò nílò àlàyé yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: Òmìnira Síónì

Nígbà tí àwọn Júù dìde sí Róòmù ní ọdún 66, wọ́n lu owó tiwọn. Fàdákà rẹ̀ ló lókìkí, idẹ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han ẹni tó bá wá bá mi. Ìkòkò ọlọ́wọ́ méjì wà ní ojú kan pẹ̀lú "ọdún kejì" tàbí "ọdún kẹta", ewé àjàrà wà ní ojú kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì ní Hébérù àtijọ́: Ḥerut Ṣiyon, òmìnira Síónì. Ìkòkò ọdún kejì kò ní ìdérí, ti ọdún kẹta ní. Ìyàtọ̀ kékeré yìí wúlò, torí pé bí lẹ́tà ọdún bá ti jẹ, ìdérí yóò sọ fún yín.

Ẹ fi wé owó opó: méjèèjì jẹ́ idẹ, iye wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n èyí ní ọ̀rọ̀ lára tí ó ṣe kedere, ọdún rẹ̀ dájú, ẹni tó lù ú sì mọ ohun tó ń sọ, ó ń sọ ọ́ sétí Róòmù. Kò sí ìdí láti fi ìtàn opó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ kọ́ lẹ́tà bíi mẹ́jọ tó wà lára rẹ̀, ẹ ó lè ka ọ̀pọ̀ kọ́ìnì Júù mìíràn lẹ́yìn náà, nítorí lẹ́tà kan náà ló wà lórí ṣékélì ogun àti lórí owó Bar Kokhba, ẹni tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ Júù mìíràn sí Róòmù lẹ́yìn náà.

Ṣékélì Tírè àti ṣékélì Ísírẹ́lì

Níbi tí fàdákà bẹ̀rẹ̀ ni àṣìṣe ti ń gbówó lórí.

Ṣékélì Tírè kì í ṣe owó Júù ní ti gidi. Ìlú Tírè, ní Lẹ́bánónì òde òní, ló ń lù ú láti ọdún 126 ṣáájú ìbí Kristi títí di àkókò ogun Júù. Orí òrìṣà wọn, Melqart, wà lójú rẹ̀, ẹyẹ idì wà lẹ́yìn. Ẹ ronú sí i: owó tó ní òrìṣà lórí ni wọ́n ń san ní Tẹ́ḿpìlì fún ìdajì ṣékélì tí Ẹ́kísódù orí 30 pa láṣẹ! Ìdí rẹ̀ ni pé fàdákà rẹ̀ mọ́, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 14. Ohun kan náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun ló ṣeé ṣe jù fún ọgbọ̀n owó Júdásì.

Ṣékélì Ísírẹ́lì, èyí tí àwọn olùdìtẹ̀ lù láàárín ọdún 66 sí 70, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n lé òrìṣà kúrò lórí rẹ̀. Ife wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣékélì Ísírẹ́lì", lẹ́tà ọdún wà lókè ife, ẹ̀ka pómégíránátì olórí mẹ́ta sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú "Jerúsálẹ́mù mímọ́". Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi lù ú. Ti ọdún kejì àti ìkẹta ló wọ́pọ̀ jù. Ti ọdún kẹrin ṣọ̀wọ́n. Ti ọdún karùn-ún, èyí tí wọ́n lù nígbà tí àwọn ọmọ ogun Títù, ọ̀gágun Róòmù, ti ká ìlú mọ́, ṣọ̀wọ́n débi pé rírí tí wọ́n rí i nínú ìwalẹ̀ Masada (ilé olódi àwọn Júù lórí òkè) láàárín ọdún 1963 sí 1965 jẹ́ ìròyìn ńlá.

Nígbà tí ẹ bá gbé méjèèjì síwájú ara wọn, ẹ ó rí i pé Tírè ń díbàjẹ́ lójú: ìmú Melqart lè ti jẹ, ìyẹ́ idì lè má pé, ibi tí ọdún wà sì lè ti bọ́ sẹ́yìn etí. Ṣékélì Ísírẹ́lì sábà máa ń mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olówó níláti bọ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan sílẹ̀ fún un, nígbà tí Tírè tó ṣeé wò lè wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀. Ibi tí ṣékélì Ísírẹ́lì ti sàn ju Tírè lọ ni pé ó kún fún ẹ̀rí tí ojú lè rí. Lórí ti ọdún kìíní, etí ife dán, wọ́n sì kọ Jerúsálẹ́mù ní kúkurú. Láti ọdún kejì lọ, etí ife ní ìlẹ̀kẹ̀ yí ká, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú náà gùn sí i, wọ́n tún fi lẹ́tà kún "mímọ́" tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún kìíní. Ayédèrú tó bá da ife ọdún kìíní pọ̀ mọ́ àkọlé ọdún kejì ti tú ara rẹ̀ síta. Ẹ wo etí kọ́ìnì fúnra rẹ̀ náà: àwọn tó lu ojúlówó fi òòlù lu etí rẹ̀ yíká, ipa òòlù wà níbẹ̀. Èyí tí etí rẹ̀ bá yí dáadáa bíi náírà onírin, ẹ ṣọ́ra.

Ti èmi tí mo ra lójú pópó ńkọ́? Ó ní ìran tirẹ̀. Ní ìlú Görlitz ní Jámánì, ibi tí wọ́n kọ́ ẹ̀dà ibojì Jésù sí láti òpin ọ̀rúndún karùndínlógún, wọ́n ti ń ta irú ṣékélì bẹ́ẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò ìsìn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún: ife tó ń rú èéfín, ẹ̀ka igi Áárónì, lẹ́tà Hébérù onígun mẹ́rin. Àwọn tó ṣe é kò tíì rí ojúlówó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀. Ti ayé àtijọ́ nínú wọn ní olùrà tirẹ̀ báyìí. Tèmi, òjé àti tánńganran ni, ọdún mélòó kan péré ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Bar Kokhba, Yehud, àti owó ìṣẹ́gun Róòmù

Owó Bar Kokhba, láti ọdún 132 sí 135, ni mo kà sí èyí tó lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn. Iwájú Tẹ́ḿpìlì tí Róòmù ti wó ló wà lórí fàdákà ńlá rẹ̀, ìmọ̀ ọ̀pẹ àjọ̀dún Àgọ́ sì wà lẹ́yìn. Lórí fàdákà kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní zuz, ẹ ó rí ṣírí àjàrà, dùùrù, fèrè méjì tàbí ìgò. Orúkọ Ṣímónì, ìyẹn Bar Kokhba fúnra rẹ̀, wà lára ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọn kò ní fàdákà tiwọn, nítorí náà owó Róòmù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ará ìlú tí wọ́n lu òǹtẹ̀ tiwọn lé lórí. Bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹ lè rí irun Tírájánì tàbí lẹ́tà Gíríìkì tó ń yọjú lábẹ́ àjàrà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i, ọba tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ṣì ń ṣẹ́jú!

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti ka òǹtẹ̀ tí wọ́n fi lu fàdákà yìí, wọ́n ti tò ó ní nọ́ńbà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1984. Olùtajà tó mọṣẹ́ yẹ kó lè sọ òǹtẹ̀ wo ló lu ti tirẹ̀. Èyí tí kò bá òǹtẹ̀ kankan mu lè jẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fi owó tirẹ̀ dán ìyẹn wò. Ṣíṣe àyẹ̀wò fàdákà nìkan kò tó fún irú èyí, torí fàdákà Róòmù àtijọ́ kò ṣòro rí fún ẹni tó fẹ́ lu ayédèrú lé e lórí.

Yehud, fàdákà wínníwínní ti ìgbà Páṣíà ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, kì í ṣe ohun tí mo lè gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tó ìdajì gíráàmù, bí ẹ bá sín, ó ti lọ. Ìtànná lílì ara rẹ̀ wà lórí ṣékélì kan tí wọ́n ń ná ní Ísírẹ́lì lónìí, ẹ lè gba ìyẹn ní ṣẹ́ńjì. Ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje tó wà lórí owó àgórà mẹ́wàá wọn náà wá láti orí kọ́ìnì Mattathias Antigonus, ọba tó kẹ́yìn ní ìdílé ọba Júù tí wọ́n ń pè ní Hásímónì, ti ọdún 40 sí 37 ṣáájú ìbí Kristi. Ojúlówó rẹ̀ wọ́n bí ojú.

Owó ìṣẹ́gun Róòmù, tí obìnrin kan jókòó tó ń sunkún lábẹ́ ọ̀pẹ tí wọ́n kọ IVDAEA sí, kì í ṣe ti Júù. Àwọn tó ṣẹ́gun wọn ló lù ú. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé inú àpótí kan náà ni wọ́n máa ń kó o sí, dẹ̀náríù (owó fàdákà Róòmù) ti ọba Vespasian sì jẹ́ ọ̀nà tí kò wọ́n jù láti ní fàdákà kan tó kan ogun náà.

Owó tí a lù, owó tí a dà

Àwa tí bàbá ńlá wa da idẹ ní Ifẹ̀ kò yẹ kí èyí ṣòro fún. Kọ́ìnì àtijọ́, wọ́n lù ú ni: irin pẹlẹbẹ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, òòlù lórí. Ọ̀pọ̀ ayédèrú, wọ́n dà á ni: wọ́n fi ojúlówó tẹ amọ̀ tàbí rọ́bà, wọ́n da irin yíyọ́ sí i. Ohun tí a dà máa ń ní ihò wínníwínní níbi tí afẹ́fẹ́ há sí, ojú rẹ̀ á rọ̀ bí ọṣẹ tó ti yọ̀, ìlà ibi tí apá méjèèjì amọ̀ tàbí rọ́bà náà ti pàdé á sì wà ní etí, tàbí ipa fáìlì tí wọ́n fi pa á rẹ́. Ẹ ra awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Kò wọ́n.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lò fún prutah, dídà ni wọ́n kọ́kọ́ dà á, nínú òkúta ẹfun tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n tó gé wọn sọ́tọ̀ tí wọ́n sì lù wọ́n. Nítorí náà, prutah tó ní etí dídagun àti ìrù kékeré níbi tí wọ́n ti gé e kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Mo mọ ẹni tó da prutah gidi padà nítorí ìrù yẹn. Ojú òǹtẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má fi etí nìkan ṣèdájọ́ fún idẹ.

Fún fàdákà, ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú ife omi lórí òṣùwọ̀n. Fàdákà tó wọn gíráàmù 14 á mú kí òṣùwọ̀n fi nǹkan bí gíráàmù 1.35 sí 1.4 kún iye tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá fi nǹkan bí 1.9 kún un, tánńganran ni. Tèmi kò tiẹ̀ wọn 14 láti ìbẹ̀rẹ̀, gíráàmù 9 lé díẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ ká ní mo mú òṣùwọ̀n kékeré dání ní Jerúsálẹ́mù.

Yanrìn náà ńkọ́? Idẹ ilẹ̀ Jùdíà máa ń ní yanrìn aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì fi sí i, ó máa ń mú kí àwòrán hàn ketekete. Àwọn kan wá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ yanrìn mọ́ idẹ tó jẹ bàìbàì. Ẹ rẹ òwú sínú ásítóònì tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, ẹ fi kan igun kan: yanrìn ìgbà kì í ṣí, yanrìn gọ́ọ̀mù á bọ́ wá. Kí ẹ tó san owó ni kí ẹ bèèrè bóyá olùtajà yóò jẹ́ kí ẹ dán an wò. Bó bá ní rárá, ẹ ti gba ìdáhùn.

Nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí, ọ̀kan tó kù ni mo fẹ́ràn jù: kọ́ìnì tí a fi ọwọ́ lù kì í bí ìbejì. Òǹtẹ̀ kan náà lè lu ẹgbẹ̀rún owó, àwòrán wọn á bára mu, ṣùgbọ́n ibi tí òòlù ti yẹ̀, ibi tí etí ti là àti ibi tí irin ti tẹ́ kò ní bára mu láéláé. Ẹ wá àwòrán irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá nínú àwọn gbàǹjo tó ti kọjá. Bí ẹ bá rí méjì tí wọ́n là níbi kan náà, tí wọ́n ní àpá kan náà lára, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú.

Ilé ìtajà, gbàǹjo, tàbí ojú íntánẹ́ẹ̀tì

Ní Ísírẹ́lì, òfin ọdún 1978 sọ pé ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe kí ó tó di ọdún 1700 jẹ́ ohun àtijọ́, àti pé èyí tí wọ́n bá wú láti ìgbà tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Àwọn olùtajà kan ní ìwé àṣẹ láti tà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹni tó bá rà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti mú un kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ilé ìtajà àti ọkùnrin tó dá mi dúró: ti ilé ìtajà wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda náà á wà lọ́wọ́ yín ní pápá òfurufú.

Gbàǹjo ńlá ní London, New York tàbí Zürich dára fún fàdákà. Wọ́n máa ń sọ ibi tí kọ́ìnì ti wá, gbàǹjo wo ló ti kọjá tẹ́lẹ̀ rí àti ọdún wo. Wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà ìwé atọ́nà tí gbogbo ayé fi ń mọ irú kọ́ìnì, bíi "Hendin" (orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀) tàbí "TJC" (A Treasury of Jewish Coins). Ẹ lè fi nọ́ńbà yẹn wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe àwọn ènìyàn ni pé wọn kì í ka owó iṣẹ́ tí ilé gbàǹjo ń fi lé iye tí ẹ dá, wọ́n á dá ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n á san ẹgbẹ̀rún kan lé igba ó lé. Ọjà íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kó ọjà sí dára fún Jannaeus, Àgírípà àti Òmìnira Síónì, bí olùtajà bá gbà láti gbà á padà. Mi ò ní ra ṣékélì níbẹ̀ láéláé.

Ìtàn ọjà ṣe pàtàkì fún ju ẹ̀rí ojúlówó lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan dá ìdá mẹ́rin ṣékélì kan padà fún Ísírẹ́lì, fàdákà ọdún kẹrin ogun náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù láyé. Ojúlówó ni. Àwọn tó ń jí ilẹ̀ wú ló gbé e jáde ní Àfonífojì Élà, ó rìn dé Amẹ́ríkà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e ní Denver. Fún ìdí yìí, bí wọ́n bá fi ọdún kẹrin méjì lọ̀ mí, ọ̀kan rẹwà láìní ìwé, ọ̀kan rí jákujàku ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé gbàǹjo ọdún 1970, jákujàku ni mo máa mú.

Kí ni ti àwọn tó wà nínú ike? Àwọn ilé iṣẹ́ kan, NGC ló lókìkí jù nínú wọn, máa ń yẹ kọ́ìnì wò, wọ́n á fún un ní máàkì lórí lílù àti lórí ojú rẹ̀, wọ́n á sé e mọ́nú ike. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ tún un tà. Fún ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan, ike dí i lọ́wọ́: ẹ kò lè fi ọwọ́ kàn án, ẹ kò lè wọ̀n ọ́n sínú omi, etí rẹ̀ kò sì hàn dáadáa. Ẹ ka ohun tí wọ́n ṣèlérí àti ohun tí wọn kò ṣèlérí kí ẹ tó fi owó púpọ̀ sí i. Prutah nínú ike kò bọ́ sí i fún mi, owó ike lè ju ti kọ́ìnì lọ.

Nígbà tó bá délé

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ìyẹ̀fun eyín nù ún, bí ó ti wù kó dúdú tó. Àpò ike rírọ̀ tó máa ń rùn, ẹ má kó o síbẹ̀, á mú kó yọ omi aláwọ̀ ewé. Fún ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Pọ́táákọ̀, ọ̀tá idẹ jù ni ọ̀rinrin: bí ẹ bá rí ẹ̀tù aláwọ̀ ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń tàn ká, tó bá sì ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, àrùn idẹ ni, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má baà mú nǹkan mìíràn, kí ẹ fi han ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Tèmi wà nínú páálí tí kò ní ásíìdì, nínú abọ́ ike tó ń pa ẹnu dé dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, àwọn tí wọ́n kọ "má jẹ ẹ́" sí lára. Mo máa ń pààrọ̀ wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.